Ṣé Àlọ́ Ni àbí Ìtàn? Bí Mo Ṣe Ń Kọ́ Àwọn Ọmọ Mi Nípa Ìbẹ̀rẹ̀ Amẹ́ríkà

Ìbéèrè kan ṣoṣo ló tú àṣírí mi.

Oṣù kọkànlá ni, Thanksgiving, àjọ̀dún ìdúpẹ́ àwọn ará Amẹ́ríkà, ku ọ̀sẹ̀ kan. Èmi àti àwọn ọmọ mi méjèèjì jókòó sórí rọ́ọ̀gì ní pálọ̀, mo ń ka ìwé aláwòrán kan fún wọn nípa àwọn tó wọ ọkọ̀ Mayflower wá sí Amẹ́ríkà ní 1620. Ìwé náà dùn, àwòrán rẹ̀ sì rẹwà. Mo kà á débi tí ebi àti òtútù ti fẹ́ẹ̀ pa àwọn àlejò náà tán, tí ọkùnrin onílẹ̀ kan tí wọ́n ń pè ní Squanto wá yọ sí wọn látinú igbó, tó ń bá wọn sọ Òyìnbó, tó sì kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń gbin àgbàdo. Wọ́n kórè, wọ́n jọ jẹun, ó parí. Mo pa ìwé dé. Àbúrò ti fò dìde, ó ti ń wá bàtà rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀, tó jẹ́ ọmọ ọdún 9 nígbà yẹn, kò mira.

"Mọ́mì, ta ló kọ́ ọkùnrin yẹn ní Òyìnbó?"

"Ó ní láti jẹ́ pé ẹnu wọn ló ti gbọ́ ọ."

"Ṣùgbọ́n wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni."

Èmi tí mo lọ yunifásítì, mi ò rí nǹkan kan fọ̀. Mo ní kí ó lọ fọ ọwọ́ rẹ̀, oúnjẹ ti délẹ̀. Irọ́ ni, mi ò tíì gbé omi kaná.

Maryland la ń gbé. Nọ́ọ̀sì ni mí, alẹ́ ọjọ́ Ẹtì, Àbámẹ́ta àti Àìkú ni mo fi ń ṣiṣẹ́, nítorí náà èmi ni olùkọ́ àwọn ọmọ láàárín ọ̀sẹ̀, bàbá wọn ló mú ìṣirò. Kíkọ́ ọmọ nílé, tí wọ́n ń pè ní homeschool níbí, kò lọ́jú pọ̀ bí àwọn èèyàn ṣe rò. Ní Maryland, o máa kọ̀wé sí ọ́fíìsì ètò ẹ̀kọ́ káńtì rẹ, ó kéré tán ní ọjọ́ 15 kí o tó bẹ̀rẹ̀, o máa tọ́jú iṣẹ́ àwọn ọmọ sínú fáìlì, wọ́n sì lè ní kí o gbé fáìlì náà wá kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, kò kàn gbọdọ̀ ju ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́dún. Òfin ti dárúkọ iṣẹ́ tí ọmọ gbọ́dọ̀ kọ́. Ìwé tí o máa lò kù sọ́wọ́ rẹ.

Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà wà. Ìtàn Amẹ́ríkà tí mo gbé wá láti Abẹ́òkúta kò kún ọwọ́. Bí wọ́n sì ṣe kọ́ èmi náà ní ìtàn nígbà yẹn, àkọ́sórí ni: orúkọ, ọdún, ó tán. Mungo Park ló rí odò Ọya. A kà á, a kọ ọ́, a yege, kò sẹ́ni tó béèrè pé kí ni àwọn tó ń pọn omi odò náà láti ọjọ́ pípẹ́ ń wò kó tó dé. Ohun kan náà ni mo fẹ́ ṣe fáwọn ọmọ mi. Mo lẹ ọdún mọ́ ògiri: 1607, Jamestown. 1620, Plymouth. 1773, tíì. 1776, òmìnira. Wọ́n kà á lákàtúnkà bí odídẹrẹ́. Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kẹta, mo bi àbúrò pé kí ló ṣẹlẹ̀ ní 1773, ó ní, "Tíì." Mo ní tíì ṣe kí ni? Ó ní, "Wọ́n mu ún."

Ni mo bá yí sí ìwé ìtàn. Ìyá kan tóun náà ń kọ́ àwọn ọmọ tiẹ̀ nílé ló gbà mí nímọ̀ràn: fi ọmọ sínú ìtàn, ọdún á tẹ̀ lé e fúnra rẹ̀. Òótọ́ ni. Ohun tí kò sọ fún mi ni pé ìwé ìtàn náà máa ń fi nǹkan pamọ́, àti pé ọmọ lè tètè rí ibi tó fi í pamọ́ sí kí olùkọ́ tó rí i.

Ní alẹ́ ọjọ́ tó béèrè ìbéèrè yẹn, lẹ́yìn tí wọ́n sùn, mo wá ìdáhùn rẹ̀. Tisquantum ni orúkọ ọkùnrin náà. Ará Patuxet ni, ìlú kan lára ìlú àwọn Wampanoag. Ní 1614, ọ̀gákọ̀ òyìnbó kan tó ń jẹ́ Thomas Hunt tan òun àti bí 20 èèyàn mìíràn wọnú ọkọ̀, ó kó wọn lọ sí Málaga ní Sípéènì láti tà wọ́n lẹ́rú. Tisquantum wá ọ̀nà títí ó fi dé Lọ́ńdọ̀nù, ibẹ̀ ló ti gbọ́ Òyìnbó. Nígbà tó padà dé ilé ní 1619, kò bá ẹnì kankan. Àrùn tó bá àwọn òyìnbó wọ ilẹ̀ náà ti pa Patuxet run pátápátá. Orí ahoro ìlú rẹ̀ ni àwọn ará Mayflower wá tẹ Plymouth dó sí. Àwọn náà rí ìyà tiwọn: 102 èrò ló wọ ọkọ̀ yẹn, kí òtútù ọdún àkọ́kọ́ tó parí, bí ìdajì wọn ti kú.

Mo sọ ọ́ fún un láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó ń mu ògì lọ́wọ́. Ó gbé ṣíbí sílẹ̀.

"Ìgbà tó ń kọ́ wọn ní àgbàdo gbígbìn, ṣé ilẹ̀ ilé wọn ló dúró lé?"

"Òun ni."

"Kò sì sí ẹnì kankan nílé wọn mọ́?"

"Kò sí."

Ògì náà dì, ó yi, mo dà á nù. Títí di òní, tí mo bá bi í léèrè ọdún tí Tisquantum padà dé, á dá mi lóhùn kíá. Mi ò lẹ ìyẹn mọ́ ògiri rárá.

Màmá mi ló wá fún wa ní ọ̀nà tí a fi ń kà á báyìí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọn ò mọ̀ pé àwọn ń ṣe bẹ́ẹ̀. Wọn ò kọ́kọ́ fẹ́ràn ọ̀rọ̀ kíkọ́ ọmọ nílé yìí. "Ṣé owó ilé ìwé ni ò sí ni?" Mo ṣàlàyé títí pé ọ̀fẹ́ ni ilé ìwé ìjọba níbí, ìyẹn ló tún wá bí wọn nínú jù. Ṣùgbọ́n gbogbo Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n máa ń pè wá lórí WhatsApp, ọ̀sán tiwa, alẹ́ tiwọn, tí wọ́n máa ń pàlọ́ fáwọn ọmọ. Lọ́jọ́ kan wọ́n pa àlọ́ bí ìjàpá ṣe já bọ́ láti ọ̀run tí ẹ̀yìn rẹ̀ fi fọ́. Àbúrò bá bi wọ́n, "Màmá Àgbà, ṣé òótọ́ ni?" Wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Wọ́n ní, "Àlọ́ ni, ọmọ mi. Àlọ́ kì í ṣe ìtàn. Tí mo bá ń sọ bí Lísàbí ṣe gba àwa Ẹ̀gbá lọ́wọ́ Ọ̀yọ́, ìtàn nìyẹn, mi ò ní ní kí o dá mi lóhùn pé ààlọ̀."

Mo dúró ní kíṣìnnì, mo ń gbọ́ wọn. Ìwé tí èmi fi ń kọ́ wọn ńkọ́? Ìtàn àròsọ ni à ń pè é, orúkọ yẹn fúnra rẹ̀ sì ti jẹ́wọ́: ìtàn wà níbẹ̀, àròsọ wà níbẹ̀, bí ẹ̀wà àti àgbàdo nínú àdàlú. Mo ra ìwé ńlá kan fún ọmọ kọ̀ọ̀kan. A fa ìlà sí àárín ojú ewé. Apá òsì, Àlọ́. Apá ọ̀tún, Ìtàn. Ohunkóhun tí a bá kà nínú ìwé àròsọ, wọ́n á wádìí rẹ̀, wọ́n á sì pinnu apá tí wọ́n máa kọ ọ́ sí.

Ìwé tí a kọ́kọ́ fi ṣe é dáadáa ni Johnny Tremain tí Esther Forbes kọ ní 1943. Kí Forbes tó kọ ọ́, ó ti kọ ìwé lórí ìgbésí ayé Paul Revere, ó gba ẹ̀bùn Pulitzer fún ìyẹn, nítorí náà ó mọ Boston ayé ìgbà yẹn tinú-tẹ̀yìn. Johnny jẹ́ ọmọ ọdún 14, ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ alágbẹ̀dẹ fàdákà. Ó mọṣẹ́, ó sì mọ̀ pé òun mọ̀ ọ́n, ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́ sáwọn tí wọ́n jọ ń kọ́ṣẹ́. Ọ̀kan nínú wọn mọ̀ọ́mọ̀ gbé ìkòkò ìyọ́fàdákà tó ti sán fún un. Fàdákà gbígbóná tú jáde, ó jó o lọ́wọ́. Nígbà tí ojú egbò jinná, àtàǹpàkò rẹ̀ ti lẹ̀ mọ́ àtẹ́lẹwọ́.

Ibẹ̀ la dá a dúró sí lọ́jọ́ yẹn, nítorí oúnjẹ ọ̀sán. Ẹ̀bà àti ọbẹ̀ ilá ni. Mo ṣàdédé rí ẹ̀gbọ́n tó mú gèlè mi kan tó ti gbó, tó ní kí àbúrò bá òun di àtàǹpàkò òun mọ́ àtẹ́lẹwọ́. Ó fẹ́ jẹun bí Johnny. Ẹ gbìyànjú rẹ̀ wò lọ́jọ́ kan. Kò ṣeé gé òkèlè. Tó bá fi ìka mẹ́rin fa ẹ̀bà, ẹ̀bà á tẹ̀ lé e, kò ní já. Tó bá wá já, kò sí ohun tó máa fi dì í mú dé inú ọbẹ̀. Ilá ṣàn dé ìgúnpá rẹ̀, ó kán sórí ìwé ńlá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Àbúrò rẹ́rìn-ín títí ó fi fẹ́ẹ̀ ṣubú lórí àga. Ẹ̀gbọ́n kò rẹ́rìn-ín, ó ń bá a fà á títí ẹ̀bà fi tutù. Nígbà tó tú gèlè náà, ó ń wo ọwọ́ rẹ̀, ó ní, "Kò sẹ́ni tó máa gbà á síṣẹ́ mọ́." Ó lọ kọ ààbọ̀ ojú ewé sí apá òsì, mi ò ní kó kọ nǹkan kan.

Láti orí Johnny la ti dé ọ̀rọ̀ tíì. Alẹ́ ọjọ́ 16 oṣù Kejìlá 1773, àwọn ọkùnrin kan ní Boston gun inú ọkọ̀ mẹ́ta, Dartmouth, Eleanor àti Beaver, wọ́n fọ́ àpótí tíì 342, wọ́n dà á sínú òkun. Ohun tó rú àwọn ọmọ lójú ni pé tíì náà kò wọ́n. Òfin tí ìjọba Bìrìtìkó ṣe lọ́dún yẹn tilẹ̀ jẹ́ kó pọ́ọ́kú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, owó orí ìjọba ló ṣì wà lórí rẹ̀. Kí ló wá ń bí wọn nínú? Mo ṣàlàyé títí, mo fẹ́ẹ̀ lẹ ọdún mọ́ ògiri padà, kí n tó rántí Lísàbí. Mo ní ẹ rántí ìtàn Màmá Àgbà. Àwọn ìlàrí Ọ̀yọ́ ń jókòó sí ìlú Ẹ̀gbá, wọ́n ń gba ìṣákọ́lẹ̀. Lísàbí kó àwọn èèyàn jọ bíi pé àáró ni wọ́n ń ṣe, ẹ jẹ́ ká lọ bá lágbájá roko lónìí, ká lọ bá tàmẹ̀dù lọ́la, abẹ́ àáró yẹn ni wọ́n ti ń dìmọ̀lù. Ṣé torí pé owó náà pọ̀ ni? Ẹ̀gbọ́n ronú. Ó ní, "Torí pé ẹni tó ń gbà á kò bi wọ́n." Mo ní ó tán, ẹ lọ ṣeré.

Ewì tí Longfellow, akéwì Amẹ́ríkà kan, kọ lórí Paul Revere tó gun ẹṣin lóru ọjọ́ 18 oṣù Kẹrin 1775 láti kìlọ̀ fáwọn èèyàn pé àwọn ọmọ ogun Bìrìtìkó ń bọ̀ la kà tẹ̀ lé e. Ewì yẹn ń sáré gẹ́gẹ́ bí ẹṣin, àwọn ọmọ ń fọwọ́ lu tábìlì bí pátákò bí mo ṣe ń kà á, a kà á lẹ́ẹ̀mẹ́rin lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Nígbà tó wá kan àtifi ìlà pín in, apá òsì kún. Nínú ewì, Revere nìkan ló gùn ún, ó sì dé Concord. Lóòótọ́, àwọn ọmọ ogun Bìrìtìkó mú un lójú ọ̀nà, kò débẹ̀. William Dawes náà gbéra lóru yẹn, ọ̀dọ́ dókítà kan tó ń jẹ́ Samuel Prescott ló sì mú ìròyìn dé Concord.

Àbúrò ní, "Longfellow ń parọ́!"

Mo ní kì í ṣe irọ́, oríkì ni. Ẹni tó bá ń ki ọba kì í dúró dárúkọ àwọn tó gbé àga.

Ẹ̀gbọ́n ní, "Ta ló wá ń ná an lówó?"

Mo rẹ́rìn-ín débi tí mi ò lè dáhùn, àṣé gbogbo òde àríyá tí a ń gbé e lọ ń wọ̀ ọ́ lára. Ṣùgbọ́n ìbéèrè gidi ni. Ewì náà jáde nínú Atlantic Monthly ti oṣù Kìíní 1861, ó ti lé ní ọdún 85 lẹ́yìn ìrìn Revere. Oṣù tó ṣáájú, South Carolina ti kéde pé òun ti kúrò lára Amẹ́ríkà nítorí ọ̀rọ̀ ẹrú. Ilé ti fẹ́ wó, Longfellow ń fi òkú pe alààyè jí. Láti ìgbà yẹn la ti máa ń kọ ọdún tí wọ́n kọ ìwé sókè ojú ewé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọdún tí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ ṣẹlẹ̀.

Ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo máa ń bi wọ́n tí a bá ti ka ìwé tán: ta ni kò sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀? Nínú Johnny Tremain, àwọn dúdú tó wà níbẹ̀ kò pọ̀, ìránṣẹ́ àti alágbàfọ̀ tó kàn ń kọjá ni wọ́n. Ẹrú sì wà ní Boston. Mo ní ẹ jẹ́ ká wá ọ̀kan tó sọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀.

Bí Phillis Wheatley ṣe wọ ilé wa nìyẹn. Ní 1761 ni ọkọ̀ kan gbé e dé Boston láti Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà. John Wheatley rà á fún ìyàwó rẹ̀. Kò sẹ́ni tó mọ ọjọ́ orí rẹ̀, eyín iwájú rẹ̀ tó ti yọ ni wọ́n wò tí wọ́n fi sọ pé yóò tó ọmọ ọdún 7. Mo ń ka ibẹ̀ lọ ni, mi ò ronú, àfi ìgbà tí mo gbójú sókè tí mo rí àbúrò tó ti ìka bọ ẹnu. Ọmọ ọdún 7 ni lásìkò yẹn. Eyín iwájú rẹ̀ méjèèjì ti yọ. Ó ń fọwọ́ kan ibi tí wọ́n wà tẹ́lẹ̀, kò sì sọ̀rọ̀.

Phillis tí wọ́n ń pè é, orúkọ ọkọ̀ tó gbé e wá ni. Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Ọkọ̀ ni wọ́n wò. Mo ṣàlàyé ìyẹn fún wọn lédè Yorùbá, mi ò sì rò pé ó ṣeé ṣàlàyé tó bẹ́ẹ̀ lédè mìíràn. Àwọn ọmọ mi ní orúkọ mẹ́rin mẹ́rin, wọ́n mọ ẹni tó sọ wọ́n ní ìkọ̀ọ̀kan.

Ọmọ náà mọ ìwé ju àwọn tó rà á lọ. Ó kọ ewì tó kún ìwé odidi, kò rí ẹni bá a tẹ̀ ẹ́ ní Boston, Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ ní 1773. Ṣáájú ewì, wọ́n tẹ ìwé ẹ̀rí kan síbẹ̀ tí ọkùnrin 18 ní Boston fọwọ́ sí, pé lóòótọ́ ni ọmọ adúláwọ̀ yìí ló kọ ọ́. Ẹ̀gbọ́n ń ka orúkọ wọn lọ, ó kígbe, "Hancock! Hancock inú Johnny Tremain!" Òun ni, John Hancock, ọ̀kan lára àwọn aṣíwájú ìjà òmìnira. Gómìnà Hutchinson náà wà níbẹ̀.

Èyí tó gbà mí lọ́kàn jù lọ nínú gbogbo ohun tí a ti kọ́ rèé. Nígbà tí ọkọ̀ Dartmouth gúnlẹ̀ sí Boston ní òpin oṣù Kọkànlá 1773, tíì nìkan kọ́ ló gbé. Ìwé ewì Phillis wà nínú rẹ̀, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbé e bọ̀ láti Lọ́ńdọ̀nù. Àwọn tó ń pariwo òmìnira da tíì sómi. Ìwé tí ọmọbìnrin tí wọ́n kó lẹ́rú kọ ti gúnlẹ̀ láyọ̀. Johnny ń bẹ ní apá òsì ìwé wa, Phillis ń bẹ ní apá ọ̀tún, ọkọ̀ kan náà ló pa wọ́n pọ̀. Tí mo bá ní ìwé àròsọ nìkan ni mo máa lò, mi ò bá má rí i. Tí mo bá sì ní ọdún àti orúkọ nìkan ni, kò sẹ́ni tí ì bá fi ti Dartmouth ṣe nǹkan kan.

Ewì rẹ̀ kò rọrùn fọ́mọdé. Ọ̀kan wà tí kò ju ìlà mẹ́jọ lọ, lórí bí wọ́n ṣe gbé e kúrò ní Áfíríkà, ó sì bẹ̀rẹ̀ bí ẹni ń dúpẹ́ pé àánú ló gbé òun wá. Ẹ̀gbọ́n bínú. "Kí ló ń dúpẹ́ fún?" Mo ní kó ronú sí àwọn tó máa ka ewì náà kó tó dé ìta: ọ̀gá rẹ̀, ìyàwó ọ̀gá, àwọn Hancock. Ààbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúwàbí. A wá wo ìlà méjì tó gbẹ̀yìn, níbi tó ti yíjú sáwọn Kristẹni tó ní kí wọ́n rántí pé àwọn dúdú náà lè wà lára àwọn tó ń lọ sọ́run. Ẹ̀gbọ́n ní òun ò tíì gbà. Mo fi í sílẹ̀. Mi ò rò pé ọ̀ranyàn ni kó gbà.

Ti Benjamin Banneker kò gba ọjọ́ púpọ̀ nítorí pé ará ilé wa ni, Maryland níbí ni wọ́n bí i ní 1731, òmìnira ni wọ́n sì bí i sí. Ó kọ́ ìmọ̀ ìràwọ̀ fúnra rẹ̀, ó ń ṣe ìwé àlímánákì. A ka ìkéde òmìnira tí Jefferson kọ ní 1776, a wá ka lẹ́tà tí Banneker kọ sí Jefferson ní 1791, tó fi ọ̀rọ̀ ẹnu Jefferson fúnra rẹ̀ dè é mọ́lẹ̀: ìwọ lo ní dọ́gbadọ́gba ni Ọlọ́run dá gbogbo èèyàn, báwo lo ṣe wá ń mú àwọn arákùnrin wa lẹ́rú? Ẹrú tó ti kọjá lọ́wọ́ Jefferson nígbà ayé rẹ̀ lé ní 600. Ó fèsì, lẹ́tà kúkúrú, ọ̀rọ̀ ọmọlúwàbí ló wà níbẹ̀, kò sì dá àwọn ẹrú rẹ̀ sílẹ̀ nítorí rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n há apá kan lẹ́tà Banneker sórí, èmi kọ́ ni mo ní kó ṣe é.

Mo ti ṣi ẹsẹ̀ gbé náà. Lọ́dún àkọ́kọ́ mo ra ìwé bí ẹni ń ra tòmátì lọ́jà, méjì péré la kà tán. Mo tún máa ń dá wọn dúró ní gbogbo ojú ewé láti béèrè ìbéèrè, débi pé àbúrò bẹ̀ mí pé kí n jọ̀ọ́, kí n kàn kà á. Èyí tó dùn mí jù ni ìwé àtijọ́ kan tí mo rà ní pọ́ọ́kú, tí mi ò kà ṣáájú. Àwọn onílẹ̀ inú rẹ̀ kò ní orúkọ, kò ní ọ̀rọ̀ lẹ́nu, igbe ni wọ́n ń ké ṣáá. Ọ̀sẹ̀ yẹn kò tíì parí tí mo fi rí àbúrò ní pápá ìṣeré, tó ń sáré, tó ń fi àtẹ́lẹwọ́ lu ẹnu, tó ń ké "wuwuwu." Ìtìjú bá mi níwájú àwọn ìyá yòókù. Mo gbé ìwé náà sọnù lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Ní báyìí mo rò pé ì bá dáa kí n tọ́jú rẹ̀, kí n fún ẹ̀gbọ́n lẹ́yìn ọdún bíi mélòó kan, kó fa ìlà sí àárín ojú ewé.

Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá a wa mọ́tò lọ sí Point Comfort ní Virginia, tí wọ́n ń pè ní Fort Monroe báyìí. Sún kẹrẹ fà kẹrẹ ojú títì yẹn fẹ́ẹ̀ jẹ́ kí bàbá wọn ṣẹ́rí padà. Ibẹ̀ ni ọkọ̀ White Lion gbé àwọn dúdú "20 àti díẹ̀" gúnlẹ̀ sí ní òpin oṣù Kẹjọ 1619, àwọn tí wọ́n já gbà lórí ọkọ̀ ẹrú àwọn Potogí. Àbúrò dúró létí omi, ó béèrè ohun tí mo ti mọ̀ pé ó máa béèrè.

"Ṣé Yorùbá ni wọ́n?"

Rárá, Àǹgólà ni wọ́n ti kó wọn. Lọ́tẹ̀ yìí mo ti múra sílẹ̀. Àwọn tiwa tí wọ́n kó wá sí Amẹ́ríkà tààrà kò pọ̀ bí àwọn ẹ̀yà mìíràn. Láti ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní 1808 ni òfin ti ní kí wọ́n má kó ẹrú wọlé síbí láti òkè òkun mọ́, ogun tó tú Ọ̀yọ́ ká, tó tú àwọn ìlú Ẹ̀gbá ká títí a fi sá dé abẹ́ Olúmọ, sì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀ lẹ́yìn ìyẹn ni. Bahia ní Bràsíìlì àti Kúbà ni wọ́n kó ọ̀pọ̀ wọn lọ. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ kan wà, Clotilda, tó rú òfin, tó kó bí 110 èèyàn dé Mobile ní Alabama ní 1860. Oluale Kossola wà nínú rẹ̀, ọmọ agbègbè Bantè tó wà ní Benin òní, tí àwọn ọmọ ogun Dahomey kó lójú ogun. Ó pẹ́ láyé, ó fẹnu ara rẹ̀ sọ ìtàn rẹ̀ fún òǹkọ̀wé Zora Neale Hurston ní 1927, ìwé náà kò sì jáde títí di 2018. Mo ti rà á. Ó wà lórí kọ́bọ́ọ̀dù mi lókè, kò tíì kàn wọ́n.

Nígbà tí mo gbé fáìlì lọ lẹ́ẹ̀kejì lọ́dún yẹn, obìnrin tó yẹ̀ ẹ́ wò béèrè ìdánwò ìtàn tí àwọn ọmọ ṣe. Mi ò ní. Mo gbé ìwé ńlá ẹ̀gbọ́n fún un. Ó kà á pẹ́. Ó dé ojú ewé Johnny, ó fọwọ́ kan àbààwọ́n aláwọ̀ ewé tó gbẹ síbẹ̀, ó ní kí nìyí. Mo ní ilá ni. Ó wò mí, ó ṣí ewé kejì, ó ní kí ni "Àlọ́" túmọ̀ sí. Odidi ogún ìṣẹ́jú ni mo fi ṣàlàyé, títí dórí ìjàpá. Ó buwọ́ lù ú.

Lọ́jọ́bọ̀ tó tẹ̀ lé e, Màmá mi pè, àbúrò ló gba fóònù. Ó ní òun náà ní nǹkan tí òun fẹ́ sọ.

Wọ́n ní, "Ó yá, pa á. Ṣé ààlọ́ o?"

"Rárá, Màmá Àgbà. Ìtàn ni."

Ó sọ ọ́ pẹ̀lú Yorùbá rẹ̀ tó dàbí ẹni tó wọ bàtà tó tóbi ju ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ, ó ń fi Gẹ̀ẹ́sì dí ibi tó bá há. Ọmọ kékeré kan, ọkọ̀, eyín iwájú, ìwé ewì, tíì nínú òkun. Màmá mi ò dá sí i, ọ̀rọ̀ tó ṣọ̀wọ́n nìyẹn. Nígbà tó parí, wọ́n ní, "Orúkọ ọkọ̀ ni wọ́n sọ ọmọ èèyàn?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Mà."

"Kí wá ni orúkọ tí ìyá tó bí i sọ ọ́?"

Àbúrò fa ìwé ńlá rẹ̀ mọ́ra. Ó ṣí i dé ojú ewé Phillis, ó fi ìka tọ apá ọ̀tún láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ó tọ apá òsì. Ó gbójú sókè, ó wò mí. Màmá Àgbà ṣì wà lórí fóònù, wọ́n ń dúró.